Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, báwo ni orin ṣe ń wọnú iṣẹ́ yín?

ỌmọTákìè:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, iṣẹ́ intẹ́ríọ̀ ni mo ń ṣe, ọwọ́ ọ̀gá mi n'Íbàdàn ni mo ti kọ́ ọ kí n tó padà wálé wá dá tèmi sílẹ̀. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi báyìí tó ń mú mi ronú gan-an. Bàbá kan ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ wọn ló ní ká tún pálọ̀ wọn ṣe. Bàbá yìí fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kún kọ́bọ́ọ̀dù wọn fọ́fọ́, àpàlà, jùjú, sákárà, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀, giramafóònù tí wọ́n fi ń lù ú náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo bi wọ́n pé irú pálọ̀ wo ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n ní "ìwọ ṣáà ṣe é kó dà bí orin tí mò ń gbọ́". Àwọn ọmọ wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín o, torí mo wo ojú wọn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọkàn wọn ni wọ́n sọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Mo máa ń fi orin sétí tí mo bá ń yàwòrán, inú mi á dùn, ọwọ́ mi á yá, àmọ́ tí mo bá wo nǹkan tí mo yà tán, mi ò rí ibi tí orin yẹn wà nínú ẹ̀, ó kàn jẹ́ pálọ̀ tó dáa lásán ni. Àwọn kan ní kí n gbé ìlù méjì kọ́ ara ògiri, kí n lẹ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù díẹ̀ mọ́ ọn, ó parí nìyẹn. Ọkàn mi ò gbà á, ìyẹn á dà bíi ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é tí ohun tẹ́ ẹ gbọ́ fi ń di àwọ̀, tó ń di aṣọ, tó ń di iná? Pálọ̀ yẹn gùn, kò fẹ̀, fèrèsé méjì ló wà lápá kan, táìsì funfun nílẹ̀, POP lókè pẹ̀lú iná wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ. Tèèyàn bá sọ̀rọ̀ ńbẹ̀, ohùn ẹ̀ á tún padà wá bá a.

ÀǹtíDẹkọ_Ọ̀yọ́:

Àbúrò mi, bàbá yẹn fún ẹ níṣẹ́ tó dáa ju ẹni tó kó àwòrán Pinterest wá pé kó o ṣe é bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ohun tí mo máa sọ fún ẹ ni pé kó o má gbọ́ orin bí ẹni tó fẹ́ jó, gbọ́ ọ bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe kí ni nínú agbo.

Mú dùndún wò. Ní Ọ̀yọ́ níbí agbo ilé àwọn onílù ò jìnnà sí wa nígbà tí mò ń dàgbà, ẹ̀ẹ̀kan ni wàá gbọ́ tí wọ́n bá ń gbìyànjú ìlù tuntun. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki èèyàn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo etí ń lọ. Gúdúgúdú ní tiẹ̀ kéré, kò ní ìbàdí tó fún bíi tàwọn yòókù, ohùn ẹ̀ kì í gòkè kì í sọ̀ kalẹ̀, bílálà awọ méjì ni wọ́n fi ń lù ú, nǹkan kan náà ló sì ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi parí, àmọ́ ní kó dákẹ́ wò, wàá rí i bí agbo á ṣe tú. Kẹríkẹrì àti ìṣáájú wà láàrin àwọn méjèèjì, wọ́n ń gbè é lẹ́sẹ̀.

Pálọ̀ tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ jẹ́ ìyá ìlù ló pọ̀ níta báyìí. Tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà, wọ́ọ̀lùpépà aláràbarà, àga aláwọ̀ góòlù, iná tó ń yí àwọ̀, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò wá sẹ́ni tó ń gbè. Kí èmi tó mú bírò, ohun tí mo máa kọ́kọ́ wá ni ìyá ìlù yàrá yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo. Nínú pálọ̀ bàbá yìí, tó bá jẹ́ tèmi, giramafóònù yẹn pẹ̀lú àga tí wọ́n ń jókòó sí gbọ́ ọ ni. Tẹlifíṣọ̀n á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni màá wá wá gúdúgúdú ẹ̀, nǹkan kékeré kan tí kò ní yí padà káàkiri yàrá, bí igi aláwọ̀ kan náà tó wà létí fèrèsé, tó wà lẹ́sẹ̀ àga, tó wà lára ṣẹ́ẹ̀fù. Àlejò ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ òun ló di gbogbo ẹ̀ mú. Saworo ńkọ́? Etí ìyá ìlù nìkan ni saworo máa ń wà nínú dùndún, torí náà nǹkan wínníwínní tó bá ń dán, idẹ, etí fírémù, ọwọ́ dúrọ́ọ̀, ọ̀dọ̀ àga bàbá ni kó sún mọ́, má fọ́n ọn ká gbogbo ilé.

Bí mo ṣe ń gbé e sórí pépà nìyí: orin kan péré ni mo máa ń mú, kì í ṣe orin oríṣiríṣi tó ń tẹ̀ lé ara wọn lórí fóònù. Mo máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ lásán. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀, màá tẹ̀ lé ìlù tó rẹlẹ̀ jù lọ nìkan, màá máa fa ìlà sórí pépà bó ṣe ń lọ, tó bá dákẹ́ màá fi àyè sílẹ̀. Màá tún padà tẹ̀ lé ẹni tó ń lé orin. Mi ò ní ya àga, mi ò ní ya kọ́tìnnì, ìlà nìkan. Tó o bá wo ìlà yẹn, wàá rí ibi tí nǹkan ti kún àti ibi tó ti ṣófo. Ibi tó ṣófo yẹn ṣe pàtàkì gan-an, òun ni ògiri tó ò ní fọwọ́ kàn. Èyí tó ń ba àwọn ọ̀dọ́ dìsáínà nínú jẹ́ ni kí ògiri kan wà lófìfo, wọ́n á rò pé kọ́sítọ́mà á ní àwọn ò ṣiṣẹ́.

Ìjókòó gan-an lè wá látinú orin. Mo ṣe ilé ìyá kan l'Ówódé tó jẹ́ pé kúwáyà ni wọ́n ń lé orin fún, orin lílé àti ègbè ni wọ́n mọ̀. Àga gígùn kan ni mo gbé sápá kan, mo wá gbé àga onítìmùtìmù kan ṣoṣo kọjú sí i, èèyàn kan ń lé, àwọn tó kù ń gbè. Gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń sọ síra wọn, kò sẹ́ni tó ń wá rìmóòtù.

Arkí_LAUTECH:

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ ìlà tẹ́ ẹ sọ yẹn, àwọn ńlá ńlá ti ṣe é rí. Xenakis, ọmọ Gíríìsì, ẹnjiníà ni, ó tún ń kọ orin, ọ̀dọ̀ Le Corbusier, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Paris. Láàrin 1953 sí 1954 ó kọ orin kan tí àwọn oní-fáólìn ń fa ohùn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìyára tiẹ̀. Nígbà tó yà á sórí pépà, ìlà tó gún régé ni kálukú wọn, àmọ́ tí wọ́n bá ti pọ̀, wọ́n á jọ tẹ̀ kọrọdọ. Irú ìlà yẹn náà ló padà gbé sínú ògiri ilé tí wọ́n kọ́ fún ilé iṣẹ́ Philips níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Brussels lọ́dún 1958. Mondrian náà ńkọ́, ayàwòrán ará Netherlands tó dé New York ní 1940, orin boogie-woogie, orin dùùrù tó yára, tó gbọ́ níbẹ̀ wọ̀ ọ́ lára débi pé ó fi ya àwòrán kan láàrin 1942 sí 1943, ó ṣì wà ní MoMA, mùsíọ́mù kan ní New York, títí dòní. Kò ya dùùrù síbẹ̀, kò ya ẹni tó ń jó. Àwọn igun mẹ́rin kéékèèké ni, yẹ́lò, pupa, búlúù, tí wọ́n ń tò lọ lórí ìlà, ojú ẹ ò ní dúró síbì kan. Ìdí nìyẹn témi náà fi gbà pé kó o má gbé ìlù kankan kọ́ ògiri, àǹtí ỌmọTákìè.

Àmọ́ ohùn tó ń padà wá bá yín yẹn ló jẹ mí lógún jù. Kí lẹ fẹ́ fi pálọ̀ tó rí bí orin ṣe tí orin gan-an ò bá dùn ún gbọ́ níbẹ̀? Ẹ dúró láàrin yàrá kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan, tẹ́ ẹ bá gbọ́ nǹkan tó ń gbọ̀n tirrr lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ògiri gígùn méjèèjì ló ń ju ìró síra wọn. Táìsì kì í mu ìró, POP kì í mu ún, ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kì í mu ún. Ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní 1895, wọ́n pe Sabine, olùkọ́ físíìsì ibẹ̀, pé kó wá wo gbọ̀ngàn kan tí wọn ò ti lè gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ, tìmùtìmù ló lọ kó nínú tíátà wọn, ó ń kó wọn wọlé díẹ̀díẹ̀ lóru, ó ń fi aago wọn bí ìró ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú. Ibẹ̀ ló ti rí i pé bí yàrá bá ṣe tóbi sí ni ìró á ṣe pẹ́ sí, bí ohun tó ń mu ìró bá sì ṣe pọ̀ sí ni á ṣe tètè kú. Òun náà ni wọ́n fọ̀rọ̀ lọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Symphony Hall, gbọ̀ngàn orin kan ní Boston, 1900 ni wọ́n ṣí i.

Nítorí náà, kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn láàrin àga bàbá àti giramafóònù, kọ́tìnnì tó wúwo lápá fèrèsé, kẹ́ ẹ ra aṣọ ẹ̀ tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ fèrèsé kó lè kájọ dáadáa, torí kọ́tìnnì tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu ìró. Ògiri tó kọjú sí fèrèsé ni kí ṣẹ́ẹ̀fù rẹ́kọ́ọ̀dù wà, àwọn nǹkan tí kò dọ́gba lára ṣẹ́ẹ̀fù á tú ìró ká. Spíkà ò gbọ́dọ̀ wọ igun ilé, báàsì á máa hó. Spíkà àti giramafóònù ò sì gbọ́dọ̀ wà lórí pákó kan náà, á máa gbọn abẹ́rẹ́ ẹ̀. Oòrùn fèrèsé ò gbọ́dọ̀ kan àwo yẹn rárá, á ká.

Kàfíńtà_Akẹ̀sán:

Ẹ má bínú sí mi o, èmi máa ń pa rédíò ni tí mo bá ń wọn nǹkan. Orin tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú, ọkàn mi á tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, tẹ́ẹ̀pù á ní márùndínlógójì èmi á kọ márùndínláàádọ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yàwòrán lè máa gbọ́ ọ, ẹni tó ń gé pákó ò lè gé e lẹ́ẹ̀mejì.

Síbẹ̀ mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ohun tí àǹtí sọ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Fújì lèmi fẹ́ràn. Ìlù pọ̀ ńbẹ̀, agogo ń dún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, àwọn elégbè ń pariwo, síbẹ̀ ohùn ẹni tó ń kọrin ò sọnù rí. Mo ti ṣe fọ́níṣọ̀ fún ilé tó kún bẹ́ẹ̀, ilé ìyá oníṣòwò kan, igbá fínfín àwọn èèyàn Ọ̀yọ́ wà ńbẹ̀, awọ alárànbarà wà ńbẹ̀, fọ́tò ọmọ àti ọmọ ọmọ, ó sì gún. Ìdí ni pé gbogbo nǹkan yẹn, ìyá náà mọ ìtàn ẹ̀, ó mọ ìdí tí kálukú fi wà níbi tó wà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fẹ́ràn orin ló ń fẹ́ ògiri òfìfo. Ẹ bi bàbá yẹn.

Ohun tí mo mọ̀ dájú ni ọ̀rọ̀ àlàfo. Ẹ fetí sí agogo dáadáa, bí wọ́n ṣe ń lù ú ò jìnnà síra dọ́gba, ìyẹn ló ń mú èèyàn mi ẹsẹ̀. Tí mo bá ń to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sára ògiri, mi ò kí ń to gbogbo ẹ̀ dọ́gba bíi géètì, mo máa ń jẹ́ kí méjì sún mọ́ra, kí àlàfo wà, kí mẹ́ta sún mọ́ra, kí àlàfo tó fẹ̀ díẹ̀ wà, kí n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látòkè. Tó bá ti yípo lẹ́ẹ̀mẹta ojú á ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ gúdúgúdú tẹ́ ẹ sọ, igi apá ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù gan-an ni, ó le, ó pupa díẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi òróró pa á á jinlẹ̀ sí i. Ìlù ti wà nínú ilé nìyẹn láìgbé ìlù kọ́.

ỌmọTákìè:

Haa, ẹ̀gbọ́n Kàfíńtà, ọ̀rọ̀ igi apá yẹn wọ̀ mí lára gan-an! Mo ti bẹ̀rẹ̀ bí àǹtí ṣe ní kí n ṣe é. Àpàlà kan tí bàbá fẹ́ràn jù ni mo mú, agídìgbo inú ẹ̀ ni mo tẹ̀ lé, ó ń yípo ó ń yípo kò dúró, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ń jáde sórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn akọrin ò kánjú rárá. Ìlà tí mo fà wálẹ̀ gùn, ó rẹlẹ̀, kò sí nǹkan kankan tó ga fíofío nínú ẹ̀. Mo wá rí i pé gbogbo fọ́níṣọ̀ tí mo ti kọ́kọ́ yà ló ga jù. Mo ti sọ wọ́n kalẹ̀, ṣẹ́ẹ̀fù máa gùn lọ lẹ́bàá ògiri láti òpin dé òpin, kò ní kọjá orúnkún, òkè ẹ̀ á ṣófo. Mo bi bàbá náà, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ nǹkan tó pọ̀ lójú, torí wọ́n máa ń dijú tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ.

Àwọ̀ ló kù. Ohùn akọrin yẹn, tí mo bá ti gbọ́ ọ, aró ni mo ń rí, aró tó ti fẹ́ dúdú. Ọmọ bàbá obìnrin ní ash làwọn ń fẹ́, pé òun ló wà lóde báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Olófì_Ìsẹ́yìn:

Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, àmọ́ Ìsẹ́yìn nilé wa, òfì ni a ń hun. Àǹtí, aró tó fẹ́ dúdú tẹ́ ẹ ń rí yẹn, ẹtù ni. Òwú tí wọ́n rẹ sínú aró léraléra títí tó fi fẹ́ dúdú, pẹ̀lú ìlà funfun tín-ín-rín tí wọ́n là sí i. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn ni ẹ máa rí ìlà yẹn, tẹ́ ẹ bá jìnnà ẹ ò ní rí i mọ́. Orin tó ní ohùn jíjìn tó sì ní agídìgbo lábẹ́, mi ò mọ aṣọ tó tún bá a mu jù ú lọ. Àga bàbá nìkan ni kẹ́ ẹ fi bò. Ẹ má fi bo gbogbo àga o, mo ń bẹ̀ yín, àwọn èèyàn máa ń ra òfì débi pé wọ́n á fi bo àga, fi ṣe kọ́tìnnì, fi bo tábìlì, aṣọ tó lówó lórí á wá dà bí aṣọ ẹgbẹ́jọdá.

Fún àwọn tó kù, sányán. Àwọ̀ ẹ̀ sún mọ́ ti eeru tí iyanrìn wà nínú ẹ̀, ọmọ bàbá á rí ash ẹ̀ níbẹ̀, bàbá á rí aṣọ tí bàbá wọn fi ṣègbéyàwó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pupa, àlàárì wà, díẹ̀ ni o, ìrọ̀rí kan ṣoṣo tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà fún yín. Òfì ọkùnrin, pẹ́ẹ́lí pẹ́ẹ́lí ló ń jáde lórí igi tá a fi ń hun ún, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju nǹkan bí ínǹṣì mẹ́rin, a ó wá rán an mọ́ra. Ẹsẹ̀ ń tẹ ìtẹsẹ̀, ọ̀kọ̀ tó gbé òwú ń kọjá, ọwọ́ ń gbá a, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní láti bára mu bíi tonílù, bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà á wọ́. Ẹ sọ fún télọ̀ kó má gé pẹ́ẹ́lí yẹn sí wẹ́wẹ́ káàkiri àga, kó jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn àga dé ìjókòó láìdá. Kẹ́ ẹ sì bèèrè òwú gidi, èyí tó ní fọ́nrán tó ń dán wìnnìwìnnì ò dáa lórí àga, á máa họ èèyàn lára.

ÀǹtíDẹkọ_Ọ̀yọ́:

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dùn. Kàfíńtà, mo gbọ́ tiyín, tó bá jẹ́ fújì ni bàbá ń gbọ́, ohun tí màá sọ fún àbúrò mi á yàtọ̀. Àpàlà àti ẹni tó ń dijú gbọ́ ọ, ó ti là wá lójú sí ohun tó yẹ.

ỌmọTákìè, iná lo ò tíì sọ. POP tí iná rẹpẹtẹ wà lórí ẹ̀, tí suwíìṣì kan ń tan gbogbo ẹ̀, kò sí orin tó máa dún dáa lábẹ́ irú iná yẹn. Jẹ́ kí rewáyà pín in, kí èyí tó wà lókè ṣẹ́ẹ̀fù dá wà, kí tàárín dá wà. Gílóòbù funfun gbòò yẹn, yọ ọ́, fi èyí tó pọ́n díẹ̀, 2700K ni wọ́n máa ń kọ sára páálí ẹ̀. Kó o wá fi láàǹpù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá, kó rẹlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ balẹ̀ sórí ẹtù yẹn àti ọwọ́ tó ń gbé àwo sórí ẹ̀rọ. Tó bá dalẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ orin, láàǹpù yẹn nìkan ni kí wọ́n tàn.

ỌmọTákìè:

Mo ti pe rewáyà báyìí, ọ̀la ló máa wá wò ó. Màá pàtẹ́wọ́ ká a sórí fóònù kí n tó gbé nǹkankan wọlé, Arkí, kẹ́ ẹ lè gbọ́ bó ṣe rí, tá a bá ti parí màá tún ká òmíràn. Ẹ̀gbọ́n Kàfíńtà, ẹ̀yin ni màá gbé ṣẹ́ẹ̀fù yẹn fún, kí ni kí n wọ̀n wá?

Kàfíńtà_Akẹ̀sán:

Wọn ògiri láti òpin dé òpin ní ìsàlẹ̀ àti lókè, torí ògiri ilé wa kì í dọ́gba. Páálí àwo ńlá ju ínǹṣì 12 lọ díẹ̀, inú ṣẹ́ẹ̀fù máa jẹ́ 13 àtààbọ̀ kí ọwọ́ bàbá lè ráyè wọ̀ ọ́. Òòró ni àwo gbọ́dọ̀ dúró, wọn ò gbọ́dọ̀ dá a dùbúlẹ̀ léra, torí ó wúwo, màá fi pákó dá a láàrin ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan kó má bàa tẹ̀. Ka iye àwo tí bàbá ní, kó o fi kún un, torí ẹni tó fẹ́ràn orin tó yẹn ṣì máa rà sí i.